Kí Àwọn Méjèèjì Lọ Kọ́ Kọ̀mpútà

Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹfà. Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀: èmi, Músá ọmọ Ṣààrẹ tí a jọ ń gbé ilé kan, àti Àmínátù àbúrò Músá, tí òun wà nínú fóònù. Músá gbé fóònù náà ti agolo mílíìkì lórí tábìlì. Òmù-Àrán ni Àmínátù wà. Ó lọ ṣe ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀mpútà kan, ó sì ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójúkojú nínú fóònù bó ṣe ń dúró de ìwé.

"Bàbá, ẹ wá kí Àmínátù," Músá pè mí.

Mo nu ọwọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ síwájú fóònù. Àmínátù kúnlẹ̀ kí mi pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, gbogbo àwòrán sì mì. Nígbà tó tún dìde, mo rí ọmọ mi lẹ́yìn rẹ̀.

Rùkáyátù ni. Ó jókòó ti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Ó mú àlùmọ́gàjí lọ́wọ́, ó ń gé fọ́tò kéékèèké sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọkùnrin kan tí n kò rí ń pariwo mọ́ ọn.

"Sísítà, tèmi ńkọ́? Mo ti wà níbí kí ẹni yìí tó dé o!"

"Ẹ ṣe sùúrù, Bùọ̀dá. Ẹ̀rọ kan ni, kì í ṣe méjì."

Ohùn rẹ̀ ni. Mo bi Àmínátù pé ta ni ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yẹn.

"Sísítà Rùkáyà ni, sà. Òun ló máa ń báni tẹ̀wé níbí. Ó ti pẹ́ díẹ̀. Ọwọ́ ẹ̀ yá ju ti ọ̀gá ẹ̀ lọ."

Músá wò mí. Ó mọ orúkọ náà. Èmi ni mo sọ fún un, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé ọmọ mi wà ní ọdún kejì ní yunifásítì. Ó na ọwọ́, ó dojú fóònù dé. Tíì tí mo pò tutù síwájú mi.

*

N kò ní sọ bí mo ṣe dé ìlú òyìnbó yìí. Ọ̀nà gbogbo jọra. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọdún karùn-ún mi nìyí, àti pé ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù kì í ṣe òtútù. Kíkí ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo kí ọkùnrin kan ní ibùdókọ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mo ń kí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kí àwọn ènìyàn nínú ikùn mi. Bí mo bá kọjá lára òṣìṣẹ́ tó ń gbẹ́ títì, ikùn mi á ní ẹ kú iṣẹ́, ẹnu mi á dákẹ́. Kò le fún mi púpọ̀. N kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Èsìẹ́, ìlú mi, bí mi ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀, àwọn ènìyàn mọ̀ pé mo wà.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ilé alájà mẹ́rin kan ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ mi, ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò àti kọ̀mpútà. Ìgbà tí wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, mo dì í mú títí mo fi délé. Ẹni tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kó tó jókòó sí kíláàsì àwọn àgbà láti kọ́ a, b, d, ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ ilé àwọn onímọ̀. Bí ìyá Rùkáyátù bá wà láyé ni, òun ni ǹ bá kọ́kọ́ pè. Ó ti kú ṣáájú ọdún náà. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi dípò rẹ̀.

Ẹni tó ń gbá ilé mọ ohun tí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ kò mọ̀. Mo mọ yàrá tí wọ́n ti ń jẹun níbi tí wọ́n ní kí wọ́n má jẹun. Mo sì mọ iye obìnrin tó wà ní ilé náà láìka ẹnikẹ́ni. Tíṣù ló sọ fún mi. Ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọkùnrin ní àjà kẹta, mo ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ méjì méjì. Ti obìnrin, ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo kàn ń nu eruku orí rẹ̀.

Ní ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbé fọ́tò àwọn olùkọ́ àgbà kọ́ ara ògiri. Ọkùnrin ni gbogbo wọn, àfi ẹyọ kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo nu gíláàsì wọn, ilé àwọn ère ní Èsìẹ́ ni mo rántí. A máa ń gba iwájú rẹ̀ lọ sí oko. Àwọn ère olókùúta yẹn pọ̀, wọ́n jókòó sórí àpótí wọn, ọkùnrin jókòó, obìnrin náà jókòó. Ẹni tó gbẹ́ wọn kò bi ẹnikẹ́ni kó tó fún obìnrin ní àpótí.

Obìnrin kan ṣoṣo inú fọ́tò yẹn, mo ṣẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù kan tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Mo rí obìnrin kan nínú yàrá kan ní àjà kẹta, ó jókòó síwájú kọ̀mpútà, ó ń tẹ nǹkan; mo rò pé wọ́n gbà á láti máa báni tẹ̀wé ni. Mo wọlé, mo na fọ́ọ̀mù náà sí i, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ ìwé yìí. Ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo nu gíláàsì fọ́tò, tí mo rí ojú rẹ̀ níbẹ̀. Mo gun àtẹ̀gùn lọ bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kì í ṣe èmi nìkan, pé lọ́sẹ̀ náà nìkan ẹni kẹta ni mí, àti pé èmi nìkan ni mo padà wá.

Láti ìgbà náà la ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ní ọmọbìnrin kan tó mọ ìṣirò. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé n kò fẹ́ sọ ọ́. Lọ́dún tó kọjá ó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ó ti rẹ òun láti máa fi hàn láràárọ̀ pé òun kò wá po tíì. Kó tó lọ, ó fún mi ní ìwé ìṣirò kan tó nípọn pé kí n fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi. Mo rí ẹni tó ń lọ sílé, mo fi rán an. Wọ́n yọ fọ́tò rẹ̀ kúrò. Ìṣó tí wọ́n fi kọ́ ọ ṣì wà lára ògiri. Mo ń nu ìṣó náà pẹ̀lú àwọn yòókù.

*

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Rùkáyátù nígbà tí mo gba àwọn alágbàṣe láti kọ igba ebè fún mi ní oko iṣu. Wọ́n parí, olórí wọn ní igba ti pé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la dúró létí oko. Ọmọ náà gbé oúnjẹ wá. Ó wo oko náà díẹ̀, ó ní:

"Bàámi, kò pé. Ìlà mẹ́rìnlá ni, ebè mẹ́tàlá mẹ́tàlá ló wà nínú ìlà. Ó ku méjìdínlógún."

Olórí alágbàṣe bínú. Ó ní ṣé ọmọ tó ń tọ̀ sílé lánàá ni yóò wá kọ́ òun ní ebè. A tún un kà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́sàn-án ó lé méjì ni. Ọkùnrin náà gbé ọkọ́ rẹ̀, ó padà sínú oko láti lọ kọ èyí tó kù.

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Orí ọkùnrin ni wọ́n ṣì gbé fún ọmọ yìí." Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń yìn ín ni.

Ọmọ náà ló kọ́ mi ní ìṣirò nígbà tí mo wà ní kíláàsì àwọn àgbà. Ó máa ń fi ẹ̀pà kọ́ mi. Ó tún kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ìṣirò ní èdè òyìnbó: mathematics. Ọ̀rọ̀ náà gùn lójú mi. Mo ń fi ìka ka lẹ́tà rẹ̀ bó ṣe ń pè é. Ìka ọwọ́ mi méjèèjì tán, lẹ́tà kan ṣẹ́ kù. Ó ní, "Bàámi, ẹ fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kún un."

Mo fi í sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí mo ń bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà náà. Sódíìkì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jù ú lọ. Ilé kan ni wọ́n jọ ń gbé, ilé ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n jọ parí. Ní ọdún méjì sẹ́yìn tí wọ́n parí, mo gba ohùn mi sílẹ̀ sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí náà mo rántí gbogbo ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí àwọn méjèèjì lọ kọ́ kọ̀mpútà. Mo ń gbá ilé àwọn tó kọ́ ọ níbí, mo rí i pé ayé ń lọ síbẹ̀. Ohun tó bá gbà, mo wà lẹ́yìn wọn." Ó fèsì pé òun ti gbọ́.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń pè. Ẹ̀gbọ́n mi á ní, "Àwọn méjèèjì ń kọ́ kọ̀mpútà." Mo mọ̀ pé yunifásítì wà ní Òmù-Àrán. Rùkáyátù ní òun ń lọ sí Òmù-Àrán lójoojúmọ́. Kí ni mo tún fẹ́ bèèrè?

*

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi kí aago márùn-ún tó lù. Músá fẹ́ jáde fún mi. Mo ní kó jókòó.

"Bàbá Rùkáyà! Òní kọ́ ni ọjọ́ ìpè rẹ. Ṣé kò sí?"

"Kò sí, Ẹ̀gbọ́n. Níbo ni Rùkáyátù wà?"

"Ibi tó ti ń kọ́ kọ̀mpútà ni. Òmù-Àrán. Ṣé o ti ń gbàgbé nǹkan ni?"

"Ṣé yunifásítì ni?"

Mo gbọ́ ewúrẹ́ kan tó ń ké ní àgbàlá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

Kò sọ pé irọ́ ni. Ìbéèrè yẹn ni mo gbé sùn.

"Mo fojú mi rí i, Ẹ̀gbọ́n. Ó ń gé fọ́tò."

"Ṣé fọ́tò gígé wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni? Gbọ́. Ohùn rẹ ṣì wà lórí fóònù mi. O ní kó lọ kọ́ kọ̀mpútà. Mo mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ kọ̀mpútà. Kí ni mo wá ṣe?"

"Mo ní àwọn méjèèjì. Sódíìkì ń kọ́ tirẹ̀ ní yunifásítì."

"Ọkùnrin ni Sódíìkì."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀, o sì ń bi mí? Kọ̀mpútà ọkùnrin yàtọ̀, kọ̀mpútà obìnrin yàtọ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ọmọbìnrin tó bá mọ̀wé tẹ̀, tó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ lọ́la, ebi ò pa á, ọkọ ò sá fún un. Èyí tó bá lọ gbé ìṣirò lérí, ta ni yóò fẹ́ ẹ? Ọmọ mi náà ni, Bàbá Rùkáyà. Mi ò lè fẹ́ ibi fún un."

Mo ti tíì tó tutù sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìwọ náà sọ ọ́," ó ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ pé nínú ilé tí ò ń gbá, obìnrin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun náà sì ti sá lọ. Àwọn òyìnbó tó ni kọ̀mpútà ò rí obìnrin kó sí i. Ṣé Èsìẹ́ ló wá máa bẹ̀rẹ̀?"

Mo ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ẹ̀gbọ́n." Mo pa fóònù.

Músá ní, "Bàbá, ọkùnrin yẹn dà yín." Mo ní kó má pe ẹ̀gbọ́n mi ní ọkùnrin yẹn. Lẹ́yìn náà mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dà mí. Wọ́n ní ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. N kò gbàdúrà yẹn fún un. Ilẹ̀ kan náà ni a sin bàbá wa sí.

Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ni, ǹ bá fojú fò ó. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ni mo sọ, ọ̀rọ̀ kan ló wà nínú rẹ̀ fún ọmọ méjì. Ó gbọ́ ọ dáadáa fún Sódíìkì. Etí kan náà ló fi gbọ́ ti Rùkáyátù. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tó ń sọ pé àwọn méjèèjì ń kọ́ kọ̀mpútà, kò parọ́ rí. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ó fi ọ̀rọ̀ tèmi gan-an bò mí lójú.

Mo tún rántí obìnrin àjà kẹta, bí mo ṣe na fọ́ọ̀mù sí i. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fi etí ṣe, èmi ti fi ojú ṣe é. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wa ni pé mo gun àtẹ̀gùn padà.

*

Rùkáyátù ló pe èmi, ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, nígbà tó ti ṣọ́ọ̀bù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ibí, aago wa àti tiwọn dọ́gba.

"Bàámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Àmínátù ní ẹ rí mi, pé ẹ̀gbọ́n òun ló sọ fún òun pé ọmọ yín ni mí."

"Mo rí ọ."

"Ó ní ojú yín yí padà. Ṣé ẹ ò mọ̀ ni?"

"N kò mọ̀."

"Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi mí síbẹ̀. Bàbá Sódíìkì jẹ́ kí n gbọ́ ohùn yín. Ní ọjọ́ kejì wọ́n mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo ní ṣé bí Bàámi ṣe wí nìyí? Wọ́n ní, ṣé o ò gbọ́ ohùn rẹ̀ ni?"

"Kí ló dé tí o kò bi mí?"

"Ẹ̀yin náà, ẹ bi mí rí? 'Ṣé o ń kọ́ ọ?' 'Mò ń kọ́ ọ, sà.' 'Ṣé ọ̀gá rẹ ń kọ́ ọ dáadáa?' 'Ó ń gbìyànjú, sà.' Ó tán. Mo rò pé ìwé títẹ̀ lẹ ń bèèrè." Ó mí kanlẹ̀. "Mo bínú sí yín fún ọdún méjì, Bàámi. Ẹ̀yin tí mo fi ẹ̀pà kọ́ ní ìṣirò. Mo ní, òun náà ti dà bíi wọn."

Mo ní, "Má bínú." Mo tún un sọ.

"Àwọn tó fẹ́ ṣe ìdánwò yunifásítì, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ń tẹ ìwé tí wọ́n á gbé lọ. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Orúkọ, ọjọ́ orí, ẹ̀kọ́ tí wọ́n yàn. Ọmọ tí kò mọ ìdajì mẹ́jọ á ní kí n kọ kọ̀mpútà sí tòun. Mo máa ń kọ ọ́."

"Sódíìkì ńkọ́?"

Ìgbà náà ló rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ta lẹ rò pé ó ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò Sódíìkì? Ó máa ń ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. 'Rùkáyà, gbà mí o, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbà á!' Ilé-ìwé yẹn, àwa méjèèjì la jọ ń lọ, ẹsẹ̀ tèmi nìkan ni kò dé ibẹ̀."

"Ìwé tí mo fi ránṣẹ́ ńkọ́?"

"Ó wà lábẹ́ káńtà. Ìgbà tí kò bá síná ni mo máa ń kà á. Ẹ ṣáà mọ iná wa. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á tán."

Mo béèrè aago tí ọ̀gá rẹ̀ máa ń dé sí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní aago mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n òun ló ń ṣí i ní mẹ́jọ. Mo ní kó retí mi.

*

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo débi iṣẹ́ ní aago márùn-ún ààbọ̀. Mo gbá àjà kìíní àti ìkejì. Mo nu fọ́tò àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn, mo nu ìṣó. Nígbà tí aago mẹ́jọ lù, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn àjà kẹta, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo pe ọmọ mi.

"Ṣé o ti tan kọ̀mpútà?"

"Mo ti tàn án."

"Èmi ni oníbàárà àkọ́kọ́. Mo wá tẹ ìwé ìdánwò fún ọmọ mi."

Ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, sà. Ẹ̀rọ kan ni, kì í ṣe méjì."

Mo gbọ́ tó fa àga. Ó ń ka ohun tó wà lójú ìwé náà sí mi létí, bó ṣe máa ń kà á fún gbogbo ènìyàn.

"Orúkọ?"

"O mọ̀ ọ́n."

"Ọjọ́ orí?"

"Ogún."

"Orúkọ òbí?"

Mo pe orúkọ mi. Mo pe ti ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e. Ó ní àyè kan ṣoṣo ló wà. Mo ní kó fún àwọn méjèèjì pọ̀ síbẹ̀. Ó fún wọn pọ̀.

"Ẹ̀kọ́ tí ẹ yàn?"

Mo fi ẹsẹ̀ ti bọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́yìn.

"Bàámi, ṣé ẹ wà níbẹ̀? Ẹ̀kọ́ wo ni kí n kọ?"

"Èmi kọ́ ni n ó sọ ọ́," mo ní. "Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan."

Ọkùnrin kan gun àtẹ̀gùn kọjá lára mi, kò wò mí. Mo fi fóònù mọ́ etí. Mo gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yára bí Àmínátù ṣe sọ. Mo ń ká ìka mi bí ìró kọ̀ọ̀kan ṣe ń dún, láti ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún tó di fóònù mú.

Ìka mi tán, ìró kan ṣẹ́ kù.